Ṣé wọ́n wọ́gi lé e ni, àbí wọ́n kàn sún un síwájú?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, “call off”. Nígbàkígbà tí ìjọba, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àjọ elétò ìdìbò tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá fi ìwé ránṣẹ́ pé ohun tí àwọn ti kéde tẹ́lẹ̀ kò ní rí bí àwọn ṣe kéde rẹ̀ mọ́, gbólóhùn yìí tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀ kì í jìnnà sínú ìwé náà. Ohun tí mo sì dúró lé lórí ni pé nígbà tí a bá ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, ní ilé iṣẹ́ rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí tàbí ní ìpàdé ẹgbẹ́, a máa ń po nǹkan mẹ́ta pọ̀: èyí tí wọ́n fòpin sí pátápátá, èyí tí wọ́n sún sí ọjọ́ mìíràn, àti èyí tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ná. Gẹ̀ẹ́sì ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Yorùbá náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwa tí a wà láàárín èdè méjèèjì ni a ń pò wọ́n pọ̀, àgbẹ̀ tó ti sanwó ọkọ̀ ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá ti lo ọdún méjì nílé ìwé mọ̀ pé “call” ni kí a pe ènìyàn tàbí nǹkan, ó sì ti rí “off” lára bọ́tìnnì rédíò àti ti jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá to ìmọ̀ méjèèjì lé ara wọn, kò ní bá ìtumọ̀ “call off” níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ti bí ìtumọ̀ mìíràn tí kò sí lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní “the wedding was called off”, kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n yí padà. Ìgbéyàwó ọ̀hún kò sí mọ́, ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí yóò máa wá òde mìíràn tí yóò wọ̀ ọ́ lọ. Bí ènìyàn bá kó sódò, tí àwọn òmùwẹ̀ ń wá a, tí ìròyìn wá sọ pé “the search was called off”, wọ́n ti jáwọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n lọ sinmi kí wọ́n tó padà wá lọ́la. Ohun tó so àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí pọ̀ ni pé ẹni tí àṣẹ nǹkan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó parí síbẹ̀. Òjò lè dá ìpàdé rú, ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló ń “call off” ìpàdé, alága tàbí akọ̀wé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. “Put off” yàtọ̀ sí èyí. Òun ni kí wọ́n sún nǹkan sí ọjọ́ mìíràn, kí nǹkan ọ̀hún sì ṣì wà láàyè. Lẹ́nu tiwa níhìn-ín, “put off” yìí kan náà la fi ń pa iná àti jẹnẹrétọ̀, èyí sì wà lára ohun tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n sí pípa iná yóò rò pé ìpàdé tí wọ́n “put off” ti kú pátápátá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ìdìbò ọdún 2019. Ní òru mọ́jú ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì, nígbà tó ku wákàtí díẹ̀ kí àwọn ibùdó ìdìbò ṣí, àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde pé ìdìbò ààrẹ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kò ní wáyé lọ́jọ́ náà mọ́, ó di ọjọ́ kẹtàlélógún. Ti gómìnà tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ kejì oṣù kẹta náà di ọjọ́ kẹsàn-án. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ìdìbò tí wọ́n fi sí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì 2015 ti kọ́kọ́ sún sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Sísún ni, nígbà méjèèjì. Káàdì ìdìbò tó wà lọ́wọ́ ẹni kò di asán, orúkọ ẹni kò sì kúrò nínú ìwé. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀dọ̀ ọmọ Ìbàdàn tó ń dáko. Láti ayé àwọn baba wa ni agboolé ti wà nígboro tí abúlé sì wà lóko, ọ̀pọ̀ ń gbé lóko, wọ́n ń wá sílé fún ọdún, fún òkú àti fún ìnáwó. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní àdúgbò agboolé rẹ̀ ní láti fi Akanran ní Ọ̀nà-Àrà tàbí Lálùpọn ní Lagelú sílẹ̀, kó wọ ìgboro, kó tó lè dìbò. Bí ó bá gbọ́ pé wọ́n ti sún ìdìbò síwájú, ohun tí yóò béèrè ni ọjọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wá owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé “wọ́n ti wọ́gi lé ìdìbò” ló gbọ́, yóò padà sóko rẹ̀, kò sì ní retí nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré lè mú kí ẹni tó ní káàdì lọ́wọ́ má dìbò.

Ìtàn ló sì mú kí “wọ́gi lé” wúwo tó bẹ́ẹ̀ létí wa. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà 1993, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida wọ́gi lé ìdìbò ààrẹ tí gbogbo orílẹ̀-èdè dì lọ́jọ́ kejìlá oṣù náà, èyí tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń léwájú nínú rẹ̀. “Annul” ni Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lò, ó sì le ju “call off” lọ, nítorí àwọn ènìyàn ti dìbò tán, èyí tó kù ni kí wọ́n kéde ẹni tó wọlé. Wọn kò sún un sí ọjọ́ kankan. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ sọ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, wọ́n sì dá Abíọ́lá lọ́lá, ṣùgbọ́n ìdìbò náà kò padà wá, ẹni tí wọ́n dìbò fún sì ti kú láti 1998. Àgbàlagbà tó gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan pé wọ́n wọ́gi lé ìdìbò, ọdún 1993 ni ọkàn rẹ̀ yóò sáré lọ. Kò tọ́ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan fi ọ̀rọ̀ tó wúwo báyìí sọ ìròyìn tí kò ju pé kí ẹ dúró di Sátidé tó ń bọ̀.

Inú ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì ni wàhálà yìí ti pọ̀ jù. Ní òpin oṣù kejìlá 2020, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́sàn-án tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ wọn, ASUU, kéde pé àwọn ti “suspend” ìyanṣẹ́lódì náà, wọ́n sì so májẹ̀mú mọ́ ọn pé bí ìjọba kò bá mú àdéhùn ṣẹ, àwọn yóò padà sí i. Wọn kò lo “call off”. Lọ́pọ̀ ibi, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn pé ìyanṣẹ́lódì ti parí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì 2022, àwọn olùkọ́ tún daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ti ìkìlọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, wọ́n sì ń fi kún un títí ó fi di oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ fún wọn, “suspend” náà ni wọ́n sì tún lò. Òbí tó gbọ́ ní Kérésìmesì 2020 pé ó ti parí, ìdí wà fún un láti san gbogbo owó ilé fún ọmọ rẹ̀, kó ná gbogbo àjọ tó dá sórí ẹ̀kọ́ yẹn, kó sì fọkàn balẹ̀. Òbí tó gbọ́ pé wọ́n kàn dáwọ́ dúró ná, tó sì gbọ́ májẹ̀mú tó wà nídìí rẹ̀, yóò sanwó náà ṣùgbọ́n yóò tún rò ó pé kí ọmọ mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ọn. Ìròyìn kan náà làwọn méjèèjì gbọ́, ọ̀nà tó gbà dé etí wọn ló yàtọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ṣa irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lò. Ní oṣù kìíní 2012, nígbà tí owó epo bẹtiróò di ìlọ́po méjì lójijì, ìyanṣẹ́lódì tí NLC àti TUC bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, “suspend” ni wọ́n sọ pé àwọn ṣe sí i lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Ní oṣù kẹfà 2024, nítorí owó oṣù tó kéré jù, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó di ọjọ́ kejì rẹ̀ wọ́n ní àwọn “relax” rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ìjíròrò lè máa lọ. Yorùbá tó bá “relax” yìí mu gan-an wà nílẹ̀: wọ́n dẹwọ́. Ẹni tó dẹwọ́ okùn kò tíì jù ú sílẹ̀, ó lè fà á le nígbàkígbà. Ìyẹn gan-an ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ kí ìjọba mọ̀, ohun tí wọ́n sì ń tọ́jú ni agbára láti padà láìtún bẹ̀rẹ̀ gbogbo ètò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá sọ fún ará abúlé pé wọ́n ti wọ́gi lé e, a ti gba okùn náà kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ wa, a sì ti mú kí ẹni tó ká tòmátì sínú apẹ̀rẹ̀ rò pé kò sí ewu lọ́nà ọjà Bódìjà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ báyìí, pé ohun tó mú kí “call off” ṣòro fún àwọn ọmọ wa nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo “wọ́gi lé” fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wọ́ igi kankan nígbà tí ìjọba bá wọ́gi lé òfin. Ẹ wo “dá”, tó jẹ́ pé ohun tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ ọ̀nà tó ń gbà: a ń dá iṣẹ́ dúró, a ń dá ilé ìwé sílẹ̀, a ń dá ẹrù padà, a ń dá ẹlẹ́bi lẹ́bi, a ń dá ẹni tí kò jẹ̀bi láre. Ẹni tó gbọ́ “dá” nìkan kò tíì gbọ́ nǹkan kan, àfi kó dúró gbọ́ ìyókù. Bákan náà ni “call” ṣe rí: “call off” kò jọ “call on”, “call up” tí wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀dọ́ sí àgùnbánirọ̀ kò sì jọ “call in”. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn, nínú ìwé gírámà Yorùbá tó gbé jáde ní 1966, ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì kí ohun tí a ṣe nǹkan sí lè bọ́ sáàárín rẹ̀. “Bàjẹ́” ni, ṣùgbọ́n “ó ba ọkọ̀ jẹ́” la ń sọ, “ó bà á jẹ́”. Ọmọ tó bá mọ èyí ti gba kọ́kọ́rọ́ gírámà “call off” lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a sọ “they called off the meeting”, ó sì gbà kí a sọ “they called the meeting off”, ṣùgbọ́n bí a bá ti fi “it” dípò ìpàdé, àárín ló gbọ́dọ̀ wọ̀: “they called it off”. “They called off it” kò tọ́. Olùkọ́ tó bá fi “wọ́n bà á jẹ́” tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ Lálùpọn tàbí Erùnmù kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ipá kó òfin sí wọn lágbárí, etí wọn ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ inú kíláàsì ló ń sọ Yorùbá nílé. Ọmọ Fúlàní wà ní agbègbè ọjà màlúù Akínyẹlé, ọmọ Àgàtú àti ti Íbò wà ní abúlé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré ní Yorùbá kí olùkọ́ tó wọlé, ohun tí wọ́n sì gbọ́ níbi eré ti tó fún àpẹẹrẹ méjì yìí.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn oníwèé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì gan-an kì í ya ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ yóò ní àwọn “suspend”, àkọlé ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì yóò sì gbé “call off” jáde, nítorí pé ó kúrú, ó sì rọrùn láti tò sókè ìwé. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn ní ọ́fíìsì, bí àkọlé bá ṣì í lọ́nà, yóò bá àlàyé nísàlẹ̀, yóò sì tún rí ìwé ìròyìn mìíràn fi wé e. Olùgbọ́ rédíò kò ní àǹfààní yẹn. Àwọn baba wa kò ṣèèṣì pe ẹ̀rọ yìí ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ, kì í dúró kí a bi í ní ìbéèrè. Bí àṣìṣe bá ti gba ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jáde, ó ti lọ nìyẹn, ẹni tó gbọ́ yóò sì lọ sọ ọ́ ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran àti ní gáréèjì. Nítorí náà, àìkíyèsára ìwé ìròyìn kò lè jẹ́ àwáwí fún wa, ojúṣe tiwa wúwo ju tiwọn lọ.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé “call off” fúnra rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí òpin. Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ń lo gbólóhùn kan náà fún ẹni tó pe ajá rẹ̀ kúrò lára ẹni tí ajá náà ń gbógun tì, ọdẹ tó bá sì pe ajá rẹ̀ padà lè tún dẹ ẹ́ síta ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ajá ni wọ́n pè padà níbẹ̀, ajá kì í sì í ṣe ètò. Bó bá jẹ́ ohun tí a ti dá ọjọ́ fún, bí ìpàdé, ìgbéyàwó, eré bọ́ọ̀lù tàbí ìyanṣẹ́lódì, òpin ni “call off” ń sọ. Ẹ̀rí ajá yìí kàn tún ń fi hàn pé a gbọ́dọ̀ wo ohun tí gbólóhùn náà ń bá ṣiṣẹ́ kí a tó túmọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n “suspend” kì í padà wá, pé kí ló wá burú nínú ká pè é ní òpin. Èyí ni kò gbọdọ̀ wọ̀ wá létí rárá. Iṣẹ́ olùtumọ̀ kì í ṣe láti sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní nǹkan ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó parí, bí kò bá sì tíì sọ bẹ́ẹ̀, àwa kò gbọdọ̀ bá a sọ ọ́.

Yorùbá tí a nílò kò ṣòro rárá. “Wọ́gi lé” tàbí “fagi lé” wà fún èyí tó parí pátápátá. “Sún síwájú” wà fún èyí tó ní ọjọ́ mìíràn tàbí tó ń retí ọjọ́, ó sì dára kí a dárúkọ ọjọ́ náà lójú ẹsẹ̀, nítorí “síwájú” nìkan lè rú ẹni tí kò gbọ́ ìyókù lójú. “Dáwọ́ dúró ná” wà fún èyí tó lè padà, “ná” kékeré tó wà níparí rẹ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì gan-an. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìròyìn náà ti yí padà. Èyí tó sì yẹ ká ṣọ́ra fún jù ni “tú ká”. Ìpàdé tí wọ́n “call off” kò wáyé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpàdé tí wọ́n tú ká, àwọn ènìyàn ti jókòó sí i kí wọ́n tó dìde. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ka lẹ́tà láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tó sì sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Bádéku pé wọ́n ti tú ìpàdé lórí ajílẹ̀ ká, ẹni tí kò lọ yóò rò pé wọ́n ti pín ajílẹ̀ náà tán lẹ́yìn òun. Ìjà lè tibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti alága tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀nà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa nísinsìnyí ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwòrán lẹ́tà yóò ti orí WhatsApp dé, ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ yóò túmọ̀ rẹ̀ sínú ohùn tó gbà sílẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo abúlé ti gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwèé mẹ́wàá ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó ka lẹ́tà náà, òun náà kò sì fẹ́ kójú ti òun, yóò túmọ̀ ohun tí kò yé e. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó bá ní kí ẹ fún òun láàyè díẹ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ ka Gẹ̀ẹ́sì náà sókè bó ṣe wà, kó tó sọ Yorùbá rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ lè bá a gbé e yẹ̀ wò. Bí ó bá sì kan “called off”, “put off” tàbí “suspended”, tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú, nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ ìwé sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹ pè é kí ẹ tó kéde fún àwùjọ, ẹ bi í bóyá kí àwọn ènìyàn máa retí ọjọ́ mìíràn, àbí kí wọ́n má retí nǹkan kan mọ́.